Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Kí Opó?

Kò sí ipò tí ènìyàn lè wà tí Yorùbá kò ní ìkíni fún, Tíṣà Gertrude sì mọ gbogbo wọn bí ẹni mowó. Òun ló kọ́ àìmọye ọmọ Yábàá bí wọ́n ṣe ń kí onídìrí àti awakọ̀.

Àìsàn tó wọ ọpọlọ rẹ̀ kò mú àná lọ. Ó rántí ẹni tó wá, ó rántí aṣọ tí onítọ̀hún wọ̀. Ìtumọ̀ nǹkan ló ń yọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ṣíbí sókè, ó bi Ọmọlará, ọmọ rẹ̀, pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà.

Àlejò kò wá kí i mọ́. Àmúdàtù, aládùúgbò wọn, nìkan ló ṣì ń wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́. Ọkọ Àmúdàtù wá kú.

"Mọ́mì, ẹ ṣáà sọ pé, 'Ẹ kú ara fẹ́ra kù,'" Ọmọlará ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé Àmúdàtù.

"Ìwọ tí mo kọ́ ní 'ẹ káàárọ̀'!"

Nígbà tí wọ́n wọlé, Àmúdàtù jókòó sórí ẹní, àwọn obìnrin yí i ká. Tíṣà mọ̀ pé òun ti rí irú èyí rí. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àmúdàtù, o kú ewu ọmọ o! Ọlọ́run á wò ó."

Àwọn obìnrin náà yíjú sí i.

"Ewu ọmọ kẹ̀? Lórí òkú?" obìnrin kan pòṣé. "Ìyá yìí ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni!"

Àmúdàtù dorí kodò. Ọmọlará fa ìyá rẹ̀ jáde.

Láti ìgbà náà, Tíṣà ń dá jókòó nírọ̀lẹ́.

"Opó ni Àǹtí Àmúdàtù báyìí, Mọ́mì. Wọn ò gbọdọ̀ jáde nílé."

"Kí ni opó?"

Ọmọlará á ṣàlàyé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àlàyé náà á ti jò dànù bí omi inú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n òṣé yẹn kò jò dànù, orí tí Àmúdàtù dà kodò yẹn náà kò jò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ọmọlará kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé, Tíṣà dá lọ sílé Àmúdàtù. Ó ká kọ́tìnì yàrá. Àmúdàtù nìkan ló wà níbẹ̀.

"Tíṣà! Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Ó la ẹnu. Gbogbo ìkíni tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí tíṣà kò mọ orúkọ wọn mọ́. Èwo ni kó pè? Bí ó bá tún ṣì í pè ńkọ́? Ta ló sì ń wọ ilé onílé láìkíni?

Ó jọ̀wọ́ kọ́tìnì, ó yí padà.

"Tíṣà! Tíṣà o!"

Ohùn Àmúdàtù tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà, ibi tí opó kò gbọdọ̀ kọjá, ó sì dúró síbẹ̀.