Maikirosikóòpù Tí A Yá ní Arandun

Bí àlejò bá ń bọ̀ nílé ẹni ní Òmù-Àrán, a máa ń yá àga aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó ń bú ẹni fún un. Nítorí náà, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti Ìlọrin ní àwọn ń bọ̀ wá fi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì han àwa ọmọ ilé-ìwé, ọ̀gá wa àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, ní kí Mísìs Rúùtù tó ń kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì lọ yá maikirosikóòpù méjì ní ilé-ìwé kan ní Arandun.

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ni ọ̀gá wí. "Wọn ò gbọdọ̀ bá yàrá sáyẹ́ǹsì wa lófìfo."

Ọ̀kadà ni Mísìs fi gbé wọn dé. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó fi aṣọ funfun bò wọ́n. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, bí àwọn àlejò bá sì bi wá, ká ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ là ń lò wọ́n. Èmi Àràmídé, olórí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì, ni màá dáhùn fún gbogbo wa. Inú mi tilẹ̀ dùn, èmi òmùgọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Abdulkadir, olùkọ́ tó kó àwọn àlejò wá, ṣí aṣọ náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú oríire o, sà! Tuntun kan wà ní búùtù mọ́tò wa, ilé-ìwé tí kò bá ní rárá la fẹ́ fún. A rò pé ẹ̀yin ni. Ó ti di ti ilé-ìwé tó wà ní Agbamu nìyẹn."

Bó ṣe ń wá nọ́ńbà Agbamu lórí fóònù, mo wo Mísìs, Mísìs wo ọ̀gá, ọ̀gá ń wo àjà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá gbà wá, a ò sọ ọ́. Láìpẹ́ a ń gbọ́ ariwo ayọ̀ àwọn ọmọ Agbamu nínú fóònù.

Ọ̀gbẹ́ni Abdulkadir wá nawọ́ sí ọ̀kan nínú maikirosikóòpù náà, ó pè mí. "Ọmọ mi, wá wò ó, kí o sọ ohun tí o rí."

Mo di ojú kan, mo fi ìkejì lé e. Funfun báláú ni gbogbo rẹ̀.

"Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà ni, sà. Ògiri rẹ̀ nìyí, núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ nìyẹn." Bó ṣe wà nínú ìwé ni mo ṣe kà á.

Ó bẹ̀rẹ̀, òun náà wò ó. "A ò tíì fi nǹkan kan síbẹ̀, ọmọ mi."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé.

Ìgbà náà ni Mísìs Rúùtù kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa. "Ẹ má fi ọmọ yìí rẹ́rìn-ín. Kò fojú kàn án rí. A yá wọn ni, sà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ tó pa."

Ọ̀gá wa yọ́ jáde bí ẹni tí wọ́n pè níta.

Ọ̀gbẹ́ni Abdulkadir kò bínú, ìyẹn ló tún burú jù. Ó ní kí Mísìs dìde. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fáwọn ọmọ yẹn, ẹ̀yin náà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀." Ó bó awọ àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó pè mí padà.

Mo wò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò tẹ̀lé ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù ilé, ó dára ju ti inú ìwé lọ fíìfíì. Mi ò fẹ́ gbójú kúrò. Níta, wọ́n ti ń ṣáná sí mọ́tò tó ń lọ sí Agbamu.

Kí n tó wò ó, ìtìjú nìkan ló ń dùn mí. Ìgbà tí mo wò ó tán ni mo tó mọ ohun tí a torí ìtìjú pàdánù.