Ẹ̀rọ Tí Kì Í Ṣe Wòlíì

Ẹni tó bá ní Sàlàkọ́ ń dá gbé, irọ́ ló pa. Òun àti ẹ̀rọ ni wọ́n jọ ń gbé lẹ́yìn ìlú Ẹ̀pẹ́, nínú ọgbà kan tí wọ́n fi wáyà yí ká. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá mì. Iṣẹ́ Sàlàkọ́ ni kí ewúrẹ́ má wọlé. Bí Sàlàkọ́ bá rìn kọjá, ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ náà á gbọ̀n díẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ohun tó ń dá a lóhùn nílé kò ju ìyẹn lọ. Ó ti wá ń kí i láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Mardiyah ọmọ rẹ̀ pè é láti Ìkòròdú. Láti Iléyá èṣí, kò tíì wá.

"Bàbá mi, wọ́n ní ilẹ̀ máa mì ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti kárí orí Wásáàpù. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ yín. Àbí irọ́ ni? Ẹ̀yin lẹ kúkú wà nídìí ẹ̀rọ."

Sàlàkọ́ ti fa ẹní tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yọ. Irọ́ pé òótọ́ ni ti gun orí ahọ́n rẹ̀ bí ẹni gun ọ̀kadà, ó ku kó gbéra. Àmọ́ ó rántí ohun tí Ajíbóyè, ẹnjiníà tó ń wá yẹ ẹ̀rọ wò lóṣooṣù, kọ́ ọ.

"Irọ́ ni, ọmọ mi. Wọ́n lè mọ ibi tó ti sábà máa ń mì, ṣùgbọ́n kò sí onímọ̀ tó lè dá ọjọ́ rẹ̀. Akọ̀wé lẹ̀rọ yìí, kì í ṣe wòlíì. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mì ló ń kọ ọ́."

"Alihamudulilahi. Kò sí ìdí tá a fi máa wá mọ́ nìyẹn."

"Kò sí." Ó dá ẹní padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró ná, Bàbá mi. Wọ́n wá lè mọ̀ pé kò ní mì?"

Sàlàkọ́ yí ọ̀rọ̀ náà wò síwá sẹ́yìn. "Ìyẹn náà, wọn ò lè mọ̀ ọ́n."

"Ẹ tẹ́ ẹní. À ń bọ̀."

Sátidé pé, ilẹ̀ ò mì níbì kankan. Ọmọ mẹ́ta ń fò káàkiri ọgbà bí ọ̀pọ̀lọ́. Ewúrẹ́ tó yẹ kí wọ́n lé jáde, inú ilé ni wọ́n lé e wọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kékeré kan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Mọ́ńdè, Ajíbóyè rí ohun tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ sí i ní ọ́fíìsì, ó sì pè.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé? Ẹ̀rọ ń gbọ̀n láti aago mẹ́ta títí di mẹ́fà."

"Àwọn ọmọ ọmọ mi ni, ọ̀gá."

Ajíbóyè rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀?"

Sàlàkọ́ wo ojú ọ̀nà lọ títí.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi, ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó lè dá ọjọ́ rẹ̀."

Ó gbé bàtà náà wọlé. Bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ìlà náà gbọ̀n díẹ̀, ó sì tún nà gbọnrangandan.