Bàbá Mi Lọ Bá Mi Bẹ̀ Wọ́n

Ẹ má fi táàdì kíláàsì mi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ o, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ọdún tí màmá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, èmi ni mò ń gbé wọn káàkiri ọsíbítù. Ibẹ̀ ni máàkì mi ti ṣubú, kò sì gbérí mọ́ títí mo fi jáde yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo mọ òwò. Èmi ni mò ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ibiade. Ọ̀gá wa ní láìsí MBA, wọn ò ní fi mí ṣe máníjà láéláé. Ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ni yóò wá máa pàṣẹ fún mi. Ṣé ẹ rí ìyà?

Ni mo bá kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ìyáàfin Olúfúnmi tó wà ní ọ́fíìsì wọn wo máàkì mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ràhmát, èyí kéré o. Àmọ́ wá ṣe ìdánwò wa ná." Mo ṣe é, mo yege. Wọ́n pè mí, wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀, mo dáhùn. Ó ku kí ìgbìmọ̀ tó ń gbani wọlé fẹnu kò.

Mo wá sílé ní Ilaporu, mo sì ṣàlàyé fún bàbá mi pé máàkì yẹn nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Áà, ẹnu mi yìí!

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín nínú agbádá tí wọ́n fi ń kírun Yídì, Àlùfáà Qowiyyu ti mọ́ṣáláṣí wa tẹ̀ lé wọn.

"A ti bá ọ bẹ̀ wọ́n," ni bàbá mi wí. "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yẹn níwájú ìgbìmọ̀."

"Bàbá! Pẹ̀lú orókún yín yẹn?"

"Ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé mi dìde. Ta ló ń gbé ẹni dìde tí kò ní gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀?"

Àlùfáà ní, "Alihamdulilai."

Fóònù mi dún. Ìyáàfin Olúfúnmi ni. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ràhmát, ta ló rán wọn wá? O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé! Òfin wa ni pé ẹni tí ará ilé rẹ̀ bá wá bẹ ìgbìmọ̀, a ó yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́. Ojú ọ̀gá wa gan-an kún fún omi, àmọ́ kò sí ohun tó lè ṣe."

Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ bínú, inú ń bí mi! Ṣùgbọ́n ta ni n ó bínú sí? Àgbàlagbà tó nà gbalaja síwájú ọmọdé nítorí mi?

Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá mi." Omi ń dà lójú mi pòròpòrò.

Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí.

"Má sunkún mọ́. Bí wọ́n bá ṣì ń ṣe agídí, lọ́la, Àlùfáà àti èmi yóò tún padà lọ."