Fúláwà Tí Àkànó Kò Gbọdọ̀ Pa

Àkànó ti gbin iṣu ní Igangan títí eyín rẹ̀ fi ń mì, iṣu kan kò yájú sí i rí. Fúláwà kan ṣoṣo nínú ike ni ó wá ń fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà.

Fúláwà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ ni, ẹni tí ó lọ sí Mẹ́kà. Àkànó ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo àdúgbò pé ohun tí ènìyàn kò lè sè, tí kò lè gún, tí kò sì lè tà, koríko ni; ọjọ́ tí Mùnírátù bá kẹ̀yìn báyìí, òun á jù ú fún ewúrẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Mùnírátù. Lọ́jọ́ tí ó ń lọ, ó ti gbé ẹrù sọ́kọ̀ tán kí ó tó padà wọlé bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tàófíìk, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Bí mo bá dé tí mo bá òkú rẹ̀, mo mọ ẹni tó pa á."

Kò pẹ́ tí Mùnírátù lọ ni fúláwà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ewé tí í nàró bí etí ehoro rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ tí òjò pa lórí okùn.

Àkànó bu omi sí i. Ó tún rọ̀ sí i. Àkànó tún bu omi sí i. Ó gbé e sí oòrùn, oòrùn jó o létí. Ó gbé e wọlé. Ó da ajílẹ̀ oko sí i nídìí, ewé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó gún ọ̀pá fún un bí ẹni gún ọ̀pá fún iṣu, ó so ó mọ́ ọn. Fúláwà gbé orí lé ọ̀pá bí ọ̀mùtí tí ọlọ́pàá dì mú. Àkànó kò lè jókòó mọ́. Bí ó bá fi ìdí kan àga, á tún dìde lọ wò ó. Oúnjẹ di ohun tí à ń jẹ lórí ìdúró.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà.

"Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí fúláwà yìí bá kú, kò sẹ́ni tí yóò gbà pé èmi kọ́ ni mo pa á."

"Àwa náà kò ní gbà," ni Búrẹ́mọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

"Búrẹ́mọ̀."

"Mo ní a ó bá ọ dá sí i."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Mùnírátù pe fóònù láti Mẹ́kà, irú èyí tí à ń rí ojú ara ẹni nínú rẹ̀. "Ẹ yí i síbi fúláwà mi kí n rí i."

Àkànó gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ẹni tí oyin ń lé. Kókò kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ó na fóònù sí i láti òkèèrè, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ mì ín. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò dáa."

"Máṣàálláhù. Ó mà ti tóbi." Mùnírátù yí fóònù sí àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà. "Ọkọ mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀." Àwọn obìnrin náà ṣàdúrà fún Àkànó. Ó ń ṣe àmín, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú.

Ó wá di dandan kí ó wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù. Ojú rẹ̀ lọ sára Malachi, ayálégbé rẹ̀, olùkọ́ tí ó ti Iléṣà wá. Ìgbàkígbà tí Malachi bá ń kọjá, á dúró wo fúláwà, á mi orí. Kí ló ń mi orí sí? Nígbà tí àsárì kù díẹ̀, Àkànó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó sá pamọ́.

Malachi dé. Ó wò ó, ó mi orí, ó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Búrẹ́mọ̀ dé. Kànga Àkànó ló sún mọ́ mọ́ṣáláṣí jù, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn àgbà ti í ṣe àlùwàlá. Búrẹ́mọ̀ fọ ẹsẹ̀ tán, ó gbé kẹ́tùlù, ó da omi tó kù sídìí fúláwà. "Bísímílláhì, mu." Àbdùlàhí aránṣọ náà ṣe tirẹ̀ tán, ó da ìyókù síbẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀. Omi àlùwàlá kì í ṣe ohun à ń dà nù lásán.

Àkànó fò jáde. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á."

Búrẹ́mọ̀ wo ọwọ́ Àkànó. Kẹ́tùlù Àkànó gan-an wà níbẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú. "Èyí tó wà lọ́wọ́ tìrẹ ńkọ́, ṣé epo ni?"

Àkànó gbé kẹ́tùlù náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Ìwọ lo ní ká dá sí i," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "A sì ń dá sí i, ìrun márààrún."

Malachi rọra yọjú. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ pé omi yẹn ti pọ̀ jù. Mo rò pé ẹ̀sìn yín ni."

Àkànó ki ìka bọ ilẹ̀ inú ike. Ẹrẹ̀ ni. Ojú tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àgbẹ̀ wo ló ń gbin iṣu sínú àbàtà? Ó dojú ike dé, òórùn ìdíbàjẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ike náà kò ní ihò kankan nísàlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ilá sísè, àmọ́ díẹ̀ ṣì funfun. Ó fi abẹ gé èyí tó jẹrà àti ewé tó ti kú, ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ara ike nísàlẹ̀, ó po iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ mọ́ yanrìn, ó tún un gbìn. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń dé tí oòrùn kò dé.

"Ẹ máa fi ìka wò ó," ni Malachi wí. "Bí abẹ́ ilẹ̀ bá tutù, ẹ fi sílẹ̀."

Ìyẹn gan-an ló ṣòro jù. Àkànó lè fi ọkọ́ dá igbó kìjikìji sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ká ọwọ́ gbera? Á gbé omi, á fi ìka wò ó, á gbé omi padà. Ó ń fi aṣọ nu eruku ara ewé kí ọwọ́ lè rí nǹkan ṣe. Nígbà tó yá, ewé tuntun kan yọrí, ó ká jọ bí ẹní kékeré. Àkànó kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ń bà á kí ewé náà má lọ gbọ́.

Mùnírátù sì dé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi dúró síwájú fúláwà.

"Èyí tí mo rí nínú fóònù dà?"

"Ó… ó rù díẹ̀."

"Bàbá Tàófíìk, kókò ni ìyá mi tà tó fi tọ́ wa. Ṣé ẹ rò pé n kò mọ ewé rẹ̀ ni?"

"O ní Máṣàálláhù."

"Kókò náà dára. Mo fẹ́ mọ ibi tí irọ́ yín yóò dé ni." Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ sì ti pa á bí ẹ ṣe sọ." Ó tú báàgì, ó yọ ìgò omi mímọ́ Sámúsámù tó gbé ti Mẹ́kà bọ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀. "Bóyá èyí á gbà á là."

Orúnkún tí Àkànó ń fi òróró pa láràárọ̀ gbàgbé àìsàn rẹ̀. Ó bẹ́ sáàárín ìgò àti ike, ó na apá méjèèjì bí àgbébọ̀ tó rí àṣá.

"Ẹ̀kán omi kan kò ní wọ ibẹ̀ lónìí."

"Omi Sámúsámù ni mo mú dání o."

"Mo mọ̀, Àlàájà. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Fi ìka wo ilẹ̀ ná."

Mùnírátù wò ó bí ẹni wo àlejò. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó bá a pé ó tutù. Ó rí ihò lára ike. Ó rí ewé díẹ̀ tó kù, wọ́n ń dán, àti ọmọ ewé tó ká jọ láàárín wọn. Ó tún wo ọkọ rẹ̀, tí apá rẹ̀ kò tíì wálẹ̀.

"Ta ló ń nu ewé rẹ̀?"

"Eruku ló wà níbẹ̀," ni Àkànó wí.

Mùnírátù wọlé lọ. Ó gbé ife méjì jáde, ó bu omi náà sí wọn, ó fi ọ̀kan lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n mu ún tán. Fúláwà kò rí ẹ̀kán kan.