Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọjọ́ tí olùyẹ̀wò bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ aránṣọ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Yára-yára, ọ̀gá tó ń ṣọ́ àwọn aránṣọ, fọwọ́ ara rẹ̀ yọ àgádágodo, ó jù ú sápò. Wọ́n dá iṣẹ́ aró dúró kí omi gọ́tà lè mọ́. Wọ́n sì pín ìbòmú tuntun.

Apọ́nbéporẹ́, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ, so tirẹ̀ mọ́ ojú. "Ẹ wò wá bíi dókítà! Kí wọ́n ṣáà má gbé aláìsàn wá o."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Alámì. Òun ló ń rán àmì pélébé mọ́ ọrùn ẹ̀wù, èyí tó ń sọ fún ẹni tó bá rà á pé ara dẹ ẹni tó rán an, pé kò sì ba ilẹ̀ tàbí omi jẹ́. Ìjókòó tí Apọ́nbéporẹ́ wà yìí, àbúrò Ìyá Alámì ló ni ín tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìdì aṣọ kan gbiná, èéfín sì ká ọmọbìnrin náà mọ́ ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tó ti ń lu ilẹ̀kùn títì. Yára-yára ní ikọ́ ló pa á. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń retí olùyẹ̀wò, kó lè sọ fún un pé títì ni ilẹ̀kùn yẹn máa ń wà.

Olùyẹ̀wò dé, ọ̀dọ́mọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan. Yára-yára ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní tí aago bá dún, kí gbogbo wọn sá jáde bí ẹni pé iná ń jó. Ìyá Alámì pinnu pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lòun máa gbà, kí olùyẹ̀wò lè bi òun léèrè ìdí tí òun fi dá gba ibẹ̀.

Aago dún. Atẹ́gùn ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fẹ́ sí i létí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yà síbẹ̀. Ìgbà tí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà níwájú ilé pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀yìn.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò gba ọ̀hún?" olùyẹ̀wò béèrè.

"Iwájú ló yá sọ́nà ilé, mà," Yára-yára dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n máa ń tì í ni," Ìyá Alámì sọ. "Ibẹ̀ ni àbúrò mi kú sí."

Olùyẹ̀wò wo àwọn yòókù. "Ṣé òótọ́ ni?"

Oníkálukú ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Níkẹyìn, Apọ́nbéporẹ́ ló fọhùn. "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Látìgbà náà ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn."

Omi lé sí olùyẹ̀wò lójú. Ó di ọwọ́ Ìyá Alámì mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó wọlé, ó ya fọ́tò ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu, ó sì lọ.

Eruku mọ́tò rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ tí àgádágodo ké "kà".

Apọ́nbéporẹ́ ń sunkún sínú ìbòmú. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ mi ni mo rò o."

Ìyá Alámì fa ọrùn ẹ̀wù mìíràn sábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Nu ojú ẹ," ó ní. "Wọ́n ti ń gba ìbòmú padà."