Pẹ́dà Inú Gààrí

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Mùnírù kò mọ gìtá ta, irọ́ gbuu ló pa. Ọwọ́ rẹ̀ kò lẹ́bi rárá. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́," ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ Mùnírù ni wàhálà wà. Ibẹ̀ ni pẹ́dà máa ń wà, ìyẹn àpótí irin kékeré tí àwọn onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá oníná lè há, kó sì le. Pẹ́dà tirẹ̀ ti gbó. Ohun méjì péré ló mọ̀ ọ́n ṣe: kó dákẹ́, tàbí kó pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta tí ata ti tán nínú rẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Mùnírù ní Jóga-Orílé. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò wọn ló ti ń ta gìtá láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́. Kò sẹ́ni tí ìyẹn ṣe ní kàyéfì ní Jóga. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ẹni tí í pe ìrun pàápàá a máa wá jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ Ìkórè, kó lè gbọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni Ẹ̀gbọ́n Akínladé, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mùnírù, àwọn ọmọdé ló máa kọ́kọ́ kọrin lọ́jọ́ Ìkórè, kí àwọn àgbà tó jó wọlé. Mo fẹ́ kí gìtá rọra fún àwọn ọmọ, kó sì bú fún àwọn àgbà. Ṣé o ò rántí ọmọ tó sunkún lọ́dún tó kọjá nítorí ariwo rẹ? Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin Ìbẹsè tó ń ta gìtá yẹn ni màá mú. Inú á bí ọ, ṣùgbọ́n màá mú un."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mùnírù wọra. Ìjókòó onígìtá yẹn, àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni, kò sì sí owó kan gidi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni gbogbo ìlú ti ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹni tí ń ta gìtá fún ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí Ìkórè ku ọ̀la, ó kọ́ gìtá rẹ̀ lẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ Alájà Jẹ̀mílátù ní Ìlaròó. Àlòkù ẹ̀rọ orin láti Kútọnu ni Alájà ń tà: sípíkà, máíkì, wáyà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, èrò kì í gbà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní báyìí, eruku ló pọ̀ jù nínú ọjà.

"Ọmọ mi, pẹ́dà mẹ́ta ló kù," Alájà sọ. Ó gbé wọn wò lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí tó wúwo jù ni kó o rà. Irin kì í tan ni jẹ."

"Alájà, ṣé ẹran la fẹ́ẹ́ rà ni?"

"Ẹran náà ńkọ́? Ṣé èyí tó fúyẹ́ lo máa ń rà?"

Kò síná, bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù ti di ọ̀wọ́n gógó ní gbogbo agbègbè náà, kò sẹ́ni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí pẹ́dà. Ańpù kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá jáde, tó ń lo bátìrì ni wọ́n fi dán wọn wò. Èkíní aláwọ̀ mèremère, oníke, bọ́tìnì kún orí rẹ̀ bí èèyi. Ó ní oríṣiríṣi ohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń dún bí oyin tó há sínú agolo. Mùnírù tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ike náà ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e tì. Èkejì, wọ́n ya agbárí òkú sí i lórí. Ìyẹn bú ramúramù! Nígbà tí Mùnírù yí i wálẹ̀ kó lè rọ̀, ó ṣì ń bú. Ó yí bọ́tìnì ohùn tó wà lára gìtá wálẹ̀, ariwo náà kàn lọ pátápátá bí ẹni pé wọ́n yọ wáyà. Pẹ́dà ilé rẹ̀ náà nìyẹn, agbárí nìkan ló fi jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta burú lójú. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, bọ́tìnì mẹ́ta péré ló ní: ọ̀kan fún bí ohùn ṣe máa ròkè tó, ọ̀kan fún bó ṣe máa mú tó, ọ̀kan fún bó ṣe máa há tó. Ìdérí bọ́tìnì kẹta yìí ti já, ọ̀pá irin rẹ̀ ló kù tó yọrí síta. Mùnírù yí i wálẹ̀, ohùn gìtá kàn gbóná díẹ̀, bí ohùn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó yí i lọ sókè pátápátá, ó bú. Ó wá fi ọmọńdinrín yí bọ́tìnì ara gìtá wálẹ̀ níbi tó ti ń bú lọ́wọ́, ohùn náà sì rọ̀, kò kú. Ó tún un ṣe. Ó rọ̀, kò kú.

"Alájà, èyí ni."

"Òun náà ló wúwo jù," ni Alájà wí. "Ṣé mo parọ́?"

Owó tí wọ́n jọ fẹnu kò sí kò pa á lára. Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyí, ká ní àwa ará ẹnubodè gbọ́n. Ṣùgbọ́n Alájà ti ń wá àpò gààrí.

"Àwọn aṣọ́bodè kún ojú títì. Bí wọ́n bá rí nǹkan Kútọnu lọ́wọ́ ẹ, ó parí."

"Alájà, ẹ ti kó o wọlé tipẹ́tipẹ́. Kò lòdì sófin."

"Ta ló bi ẹ́ ní tòfin? Mú un wá jàre."

Mùnírù mú un wá. Kí ló fẹ́ẹ́ ṣe? Láti kékeré ló ti ń rí i tí wọ́n ń ri nǹkan mọ́ inú nǹkan. Ní tiwa, ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ síta gbangba, òmùgọ̀ la máa ń pè é. Bó ṣe yí bọ́tìnì kẹta yẹn lọ sókè náà ni wọ́n rì í mọ́ gààrí.

Kí òun àti ọlọ́kadà tó gbé e tó dé Ìbẹsè, láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé sìmẹ́ńtì, àwọn aṣọ́bodè dá ọ̀kadà wọn dúró. Ọkùnrin kan wà níwájú wọn tó gbé sípíkà ràgàjì sórí ọ̀kadà tirẹ̀, èdè Faransé kún ara páálí rẹ̀. Ọ̀gá aṣọ́bodè wo sípíkà náà, ó wo ìwé ọjà, ó ní kó máa lọ. Ó wá mú ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń wá ìrẹsì, ó tì í bọ inú gààrí Mùnírù. Irin kan irin, kò!

"Kí nìyẹn?"

"Pẹ́dà gìtá ni, ọ̀gá."

"Ṣé ó lòdì sófin?"

"Rárá o!"

"Kí ló wá ń wá nínú gààrí?"

Ojú ti Mùnírù. Gìtá ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé onígìtá ni.

"Ẹ̀yin ará ibí," ọ̀gá náà sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, "bí ẹ bá rí ibi fi ìyá yín pamọ́ sí, ẹ máa fi í síbẹ̀."

Wọ́n tú àpò náà palẹ̀ wò, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, wọn ò rí ìrẹsì. Ibi tí Mùnírù ti ń kó gààrí padà ni òjò dé, òjò ìparí ọdún tí kì í kìlọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gààrí ń ṣe tó bá rómi. Nígbà tó délé, gààrí ti wú ní ìdí ọ̀pá irin bọ́tìnì tó yọrí yẹn. Ó sá a, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ìgbálẹ̀ ha á. Ó gbẹ, ó wá le bí sìmẹ́ńtì. Bó bá fi agídí yí bọ́tìnì náà, yóò kán. Pẹ́dà tó rà nítorí pé ó lè rọ̀, ó sì lè bú, ti há sórí bíbú.

Mùnírù fẹ́ẹ́ sunkún. Ó bú ara rẹ̀, ó bú Alájà, ó bú gààrí. Lẹ́yìn náà ló rántí ọmọńdinrín rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ó tẹ pẹ́dà náà mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn, kò sì gbé ẹsẹ̀ lé e mọ́. Bọ́tìnì ara gìtá ló fi dín ohùn kù. Àwọn ọmọdé kọrin, gìtá ń rọra tẹ̀ lé wọn, ó gbóná díẹ̀, kò sọ̀rọ̀ jù. Kò sí ọmọ tó sunkún. Nígbà tí àwọn àgbà gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú iṣu àti ìbẹ́pẹ lórí, ọmọńdinrín Mùnírù yí gìtá sókè, ó bú. Bàbá rẹ̀ dìde lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìsìn, Akínladé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo pẹ́dà náà.

"Kí ló wà nídìí èyí?"

"Gààrí ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló kó gààrí sí i?"

"Àwa náà ni."

Akínladé dìde. "Máa jókòó síbi tó o máa ń jókòó sí," ló wí, ó sì lọ.

Ní Mọ́ńdè, Mùnírù ń dá àpò Alájà padà sí Ìlaròó. Ó fi okùn so pẹ́dà náà kọ́ ọrùn, kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ó ní kí ọlọ́kadà rọra. Ó ti to ohun tó máa sọ sẹ́nu, bí wọ́n bá bi í.

Ọ̀gá náà kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn juwọ́ pé kí wọ́n máa lọ, kò tilẹ̀ wo ọrùn rẹ̀. Ìyẹn dun Mùnírù ju òjò lọ.