Kóòtá Tó Ti Tutù

Típà ti ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí obìnrin tí ń wọn ooru tó sáré dé ìdí rẹ̀. Ó ti irin ìwọ̀n bọ inú ẹrù kóòtá náà, ó dúró, ó fà á yọ. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìwọ̀n ooru àádóje ló yẹ kó kéré jù.

"Ẹ dúró ná."

Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Àǹtí, táyà ló bẹ́ mọ́ mi lọ́nà. Wákàtí méjì péré. Kóòtá ni o, kì í ṣe tíì tí ẹ fẹ́ mu."

Àwọn tó di ṣọ́bìrì mú rẹ́rìn-ín. Ibi tó kù láti dà kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kọ́nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń tẹ búrékì, àárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò sì ṣí i fún ọkọ̀. Kóòtá tó bá ti tutù kì í gbà kí ẹ̀rọ tẹ òun pọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rún, ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ lọ sínú kòtò.

Bàbá rẹ̀ ń bọ̀, ọ̀gá gbogbo wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Títì. Òun ló kọ́ ọ pé ọmọ mẹ́ta ni kóòtá bí. Àkọ́bí gbóná lórí, títì ńlá ni tirẹ̀. Èkejì ní ihò lára, ó ń mu omi òjò, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló yẹ ẹ́. Àbíkẹ́yìn tutù látilẹ̀wá, òun ni wọ́n fi ń dí kòtò kéékèèké. "Ṣùgbọ́n àkọ́bí tí orí rẹ̀ bá ti tutù," bàbá a máa wí, "kò lè ṣe iṣẹ́ àbíkẹ́yìn. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Bàbá fa afẹ́fẹ́ símú. "Òórùn rẹ̀ dára. Tú u."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó máa gba kọ́nà yìí lọ́la ńkọ́? Ó bọ́ sí ibi tí ẹrù yóò dà sí gan-an, ó dúró.

"Bàbá, ó ti tutù."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́. "Èéfín ń bẹ lórí rẹ̀, àbí kò sí?"

Kò sí. Ẹni tó wà lókè ọ̀hún pàápàá á rí i pé kò sí. Ó wo ojú bàbá rẹ̀. Ojú náà kọ sí ẹrù yẹn gbọnrangandan, síbẹ̀ ó ń béèrè.

"Kò sí rárá, sà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Bàbá fọwọ́ wá etí ọkọ̀, ó yọ ìṣù kóòtá kan tó ti dì níbẹ̀, ó fún un mọ́wọ́. Kò rọ̀.

"Awakọ̀, gbé e padà."

"Bàbá, wọ́n á bú mi níbi tí wọ́n ti pò ó."

"Èébú kì í so mọ́ni lára. Ọmọ mi ti wí."

Típà lọ. Bàbá kọrí sí àgọ́ iṣẹ́. Níbi tí títì tuntun ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan péré ga ju ti àtijọ́ lọ, ó dúró, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ń fi orí bàtà wá ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nígbà náà, ó rò pé sùúrù àgbà ni, kò mọ̀ pé ojú ló ti ń ṣókùnkùn.

Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sún èjìká sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti bá a. Ọwọ́ náà bà lé e jẹ́jẹ́, kò sì kúrò.